Ilẹ̀ Tí Ọkọ́ Kò Lè Wọ̀

Àjọ Àwọn Onímọ̀ Òtútù ní Àríwá Èkìtì,
Ọ́fíìsì Àgbà, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ọ̀yẹ́-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì, 2025.

Sí Ìyáàfin Ìrètí, aya Gbóyèga, ní Winnipeg, ilẹ̀ Kánádà.

Ìyáàfin wa ọ̀wọ́n,

Láti orí àga wa tí ó ń yí ni a ti ń kí yín. A kí bàbá ọmọ, a sì kí ọmọkùnrin jòjòló tí ẹ bí nínú oṣù tó kọjá. Bí a bá ní kí a ka gbogbo oyè wa tán, ọmọ náà yóò ti máa sáré kiri kí a tó dé ìdajì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí díẹ̀ yìí tó: Ọ̀jọ̀gbọ́n Àgbà, Dókítà lẹ́ẹ̀mejì, Ajíbọ́lá, Alága àti Bàbá Ìsàlẹ̀ Àjọ tí ẹ rí lókè yìí.

Ẹjọ́ yín wà lórí tábìlì wa. Ìyá yín, Màmá Florence, àgbẹ̀ oníṣu tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ló fi yín sùn. Wọ́n ní ìwọ́ ọmọ yín ti já, ẹ kò sì rì í mọ́lẹ̀. Wọ́n ní inú fíríìjì lẹ gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà. Nígbà tí wọ́n bi yín léèrè, ẹ kọ̀wé pé fúrọ́ọ̀sì ti mú ilẹ̀, ọkọ́ kò wọ̀ ọ́. Lẹ́tà márùn-ún péré ni òyìnbó fi ń kọ ọ́, F, R, O, S, T, òun ló sì fẹ́ tú ẹbí yín ká yìí.

Màmá kò gbà yín gbọ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń roko, àwọn kò rí ilẹ̀ tí ó ju ọkọ́ lọ rí, àfi àpáta. Wọ́n wá rán ọmọ wọn ọkùnrin, Olúwatóbilọ́ba, sí wa ní Ọ̀yẹ́ kí ó wá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó kàwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wú wa lórí púpọ̀. Ó gbọ́n, ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe ní Ìkọ̀lé. Ẹ dá ọpẹ́ pé ẹ ní irú rẹ̀ ní àbúrò.

Ohun tó le níbẹ̀ nìyí. Gbogbo ẹbí ló ti sọ ọmọ yẹn lórúkọ lójú fóònù, ti Màmá nìkan ló kù. Wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí a kò bá ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ibo ni yóò máa nawọ́ sí pé ilé òun nìyẹn? Fíríìjì? Wọ́n ní bí ilẹ̀ yẹn kò bá yé àwọn, àwọn kò ní í la ẹnu pe orúkọ kankan.

Nítorí náà, a pa á láṣẹ pé kí ẹ kọ ìtumọ̀ fúrọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí wa, àti bí wọ́n ti ń lò ó. Kì í ṣe pé àwa kò mọ̀ ọ́n o. A kàn fẹ́ wò ó bóyá tiyín bá tiwa mu.

Àwa ni,
Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbọ́lá.

Tún kíyè sí i: a ń ṣe ìwádìí lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. A nílò bàtà bọ́ọ̀lù kan, eléyín nísàlẹ̀, nọ́ńbà méjìlélógójì. Dúdú tàbí búlúù ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́.

*

Winnipeg.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì, 2025.

Ẹ̀yin Ọ̀jọ̀gbọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Nígbà tí mo rí lẹ́tà yín, mo ké sí ọkọ mi láti inú yàrá kejì, mo ní Gbóyèga, máa bọ̀, ẹnì kan ti dìde sí ọ̀rọ̀ wa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní orúkọ oyè yín nìkan tó láti la ilẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, báyìí ni kí ẹ ṣe bá mi sọ ọ́ fún Màmá. Ẹ ní kí wọ́n rántí ìrì òwúrọ̀ lórí ewé iṣu, èyí tó máa ń rẹ etí ìró wọn tí wọ́n bá ń gba ọ̀nà oko kọjá. Ẹ ní kí wọ́n wá rò ó pé lóru ọjọ́ kan, ìrì yẹn ní òun kò ṣe omi mọ́. Ó jókòó sórí koríko, ó funfun, ó sì le. Òun ni fúrọ́ọ̀sì. Bíbélì Màmá pàápàá ní i nínú Sáàmù, ìrì dídì ló pè é. Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí i níbí, mo rò pé aládùúgbò wa ló da iyọ̀ sí gbogbo iwájú ilé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, ó di omi lábẹ́ ìka mi. Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, níta, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ó máa ń ya igi sára gíláàsì fèrèsé wa pẹ̀lú, igi tó ní ẹ̀ka àti ewé, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn.

Èyí tó wà lókè nìyẹn, ó rẹwà. Èyí tó wọlẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Tí òtútù bá pẹ́, ó ń wọ inú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, gbogbo omi tó wà nínú erùpẹ̀ á di òkúta. Wọ́n ní ó máa ń jìn ju ibi tí Màmá ga dé lọ. Ọkọ́ tí Màmá fọwọ́ ara wọn dì sáàárín aṣọ wa nígbà tí à ń bọ̀ lóṣù Kẹwàá, òun ni Gbóyèga mú jáde lọ́jọ́ tí ìwọ́ já. Ó ṣá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná ṣẹ́. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kejì, igi ọkọ́ kán. Mo wá gbé ìwọ́ sínú agolo kékeré, mo gbé e sí fíríìjì kí ó má bàa bàjẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀. Kì í ṣe pé mo fojú di àṣà.

Ẹ bi mí bí wọ́n ti ń lò ó. Wọ́n tún ń lò ó fún ènìyàn. Tí ẹnì kan bá ń dá ọ lóhùn tí ẹ̀rín ti kúrò ńbẹ̀, wọ́n á ní fúrọ́ọ̀sì wà nínú ohùn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún Màmá pé fíríìjì ni ìwọ́ wà, tí mo bá pè, wọ́n á ní, "Mo ti gbọ́," wọ́n á sì gbé fóònù fún Tóbi. Èyí tó wà ní ilẹ̀ Kánádà, a ní híítà fún un. Ti Màmá yẹn, mi ò mọ ohun tí mo lè fi yọ́ ọ.

Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ kí ọmọ mi ní orúkọ láti ẹnu ìyá mi.

Ọmọ yín,
Ìrètí.

Ní ti bàtà, mi ò mọ̀ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Gbóyèga ní òun á wá a.

*

Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, 2025.

Ìrètí ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ọmọ ń mu ọyàn? Àwa náà wà. Tóbi ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ohun tí mo bá sọ ni mo ní kí ó tẹ̀, kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Ọ̀yẹ́ ti fi ìwé dáhùn. Háà, Ìrètí, ìmọ̀ òyìnbó kún orí ènìyàn yìí dẹ́nu. Ó sọ nípa ìrì orí ewé uṣu tó yarí pé òun kò ṣe omi mọ́, mo fò dìde lórí àpótí. Ó ní ó wà nínú Sáàmù. Mo wò ó, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, láti ọjọ́ tí mo ti ń kà á. Mo mú Bíbélì lọ bá ìyá Sunday lẹ́gbẹ̀ẹ́ ulé, mo ní wò ó, ohun tó mú ilẹ̀ lọ́dọ̀ Ìrètí nìyí. Ó yé mi wàyí. Kí ló dé tí ìwọ kò ṣàlàyé rẹ̀ báyìí fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀? Ìwọ kàn kọ fúrọ́ọ̀sì, fúrọ́ọ̀sì, bí ẹni tó ń sín. Ṣé ìwé tí mo rán ọ lọ kà kò tó láti sọ̀rọ̀ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ni?

Tóbi, yọwọ́ kúrò nínú ìkòkò ẹ̀wà yẹn. Má tẹ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó le kò túmọ̀ sí pé kí á káwọ́ gbera. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, tí ilẹ̀ oko wa bá le bí àwo, kí ni bàbá rẹ máa ń ṣe kí ó tó gbẹ́ ẹ? Á da omi sí i nírọ̀lẹ́, á sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Bí ilẹ̀ bá mumi lóru, ọkọ́ á wọ̀ ọ́ bí ọ̀bẹ tó wọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ẹ da omi sí i. Ọmọ kì í gbé ayé kí ìwọ́ rẹ̀ máa gbé inú àpótí òtútù. Nígbà tí ẹ bá rì í, ẹ wí, n ó sọ orúkọ.

Tóbi, o ti tẹ ti ẹ̀wà yẹn, àbí o kò tẹ̀ ẹ́? Ó ní òun kò tẹ̀ ẹ́.

Èmi ìyá rẹ,
Florence.

*

Àjọ Àwọn Onímọ̀ Òtútù ní Àríwá Èkìtì,
Ọ̀yẹ́-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, 2025.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Gbóyèga, olórí ilé, ní Winnipeg.

Ọ̀gbẹ́ni,

Ìwọ ni a kọ èyí sí, nítorí ìyàwó rẹ ń jiyàn. A ti rí èsì tó fún Màmá, pé kí wọ́n má dá ọ̀rọ̀ omi lábàá, pé omi gan-an ló ń di òkúta níbẹ̀. Obìnrin rere ni, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí àwa dé nínú ìmọ̀ òtútù.

Gbọ́ bí ó ṣe rí. Omi tútù ló ń di òkúta. Ta ló rí omi gbígbóná tó di òkúta rí? Ìgbóná ń lé òtútù bí ìgbà tí bàtìrì tó kún ń lé èyí tó ti kú. Nírọ̀lẹ́, kí o se omi kó hó yaya, kí o dà á sí ẹ̀yìn ilé, kí ó pọ̀ dáadáa, kí o sì lọ sùn. Ní àárọ̀, jáde pẹ̀lú ọkọ́. A ti ṣe é wò níbi iṣẹ́ ìwádìí wa.

Màmá ń retí. Orúkọ náà wà lẹ́nu wọn, ó kù díẹ̀ kó já bọ́. Jẹ́ ọkùnrin.

Àwa ni,
Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbọ́lá.

Bàtà ńkọ́?

*

Winnipeg.
Ogúnjọ́, oṣù Kejì, 2025.

Sí Ọ̀jọ̀gbọ́n,

N kò ní kí yín lónìí.

Nígbà tí mo ń sùn pẹ̀lú ọmọ, ọkọ mi, ẹni tó kàwé gboyè, se omi tó kún ìkòkò tí a fi ń se ìrẹsì ọlọ́pọ̀ èrò. Ó dà á sí ẹ̀yìn ilé, láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn lọ dé ibi ọgbà. Ó se òmíràn. Ó ní òun ń gbọ́ bí ilẹ̀ ti ń mu ún. Ilẹ̀ kò mu nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo ẹ̀yìn ilé ti di dígí.

Ó ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ kejì kò rí ibi tẹ̀. Mo gbọ́ "Yéè, Ọ̀jọ̀gbọ́n," mo sáré dé fèrèsé, mo rí ọkọ mi tó ń fi ìdí rìnrìn-àjò. Kò yára, kò sì dúró. Ó kọjá lára àpótí ìdọ̀tí, ó kí ìyá àgbà onílé wa tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pé ẹ káàárọ̀, ó sì lọ dúró sára ọgbà. Ìyá àgbà yẹn da iyanrìn kó tó lè jáde lọ fà á dìde. Dókítà ní eegun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n orí ìrọ̀rí ló ń jókòó báyìí, kò sì fẹ́ kí n máa wo òun kí n máa rẹ́rìn-ín.

Mo kọ ọ́ sí yín pé omi ló ń di òkúta níbí. Ẹ ní n kò dé ibi tí ẹ dé.

Nítorí náà, a ti pe ọ̀rẹ́ Gbóyèga kan, Ìmísíolúwa, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́ yẹn gan-an. Ní ọjọ́ Ajé, yóò wá ọ́fíìsì yín kàn. Ó ní òun kò gbọ́ orúkọ Àjọ yín rí, òun kò sì mọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó lè gbà wọ́n. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó béèrè àga tó ń yí.

Ìrètí.

*

Àjọ Àwọn Onímọ̀ Òtútù ní Àríwá Èkìtì.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì, 2025.

Ìyáàfin,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni a fi ń kéde pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbọ́lá ti dágbére fún ayé. Láti Ìdó ni wọ́n ti ń bọ̀ nígbà tí òtútù tí wọ́n ti ń kọ́ láti ìgbà èwe wọn mú wọn lójijì. Kí wọ́n tó kú, wọ́n ní kí a bá wọn kí Ọ̀gbẹ́ni Gbóyèga, pé kí ó pẹ̀lẹ́, pé kí ó pẹ̀lẹ́ gan-an.

A ti ti ọ́fíìsì pa. A ti ta àga. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu wá ní ọjọ́ Ajé.

Akọ̀wé Àjọ (kò lórúkọ nítorí ọ̀fọ̀).

*

Winnipeg.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kejì, 2025.

Akọ̀wé,

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹsẹ̀ nọ́ńbà mélòó ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wọ̀ kí ó tó kú?

Nínú gbogbo ìdílé wa, ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń wọ méjìlélógójì, tó ń fi bàtìrì ṣe àpẹẹrẹ gbogbo nǹkan, tó sì lè fi ohùn ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti orí bíṣọ́ọ̀bù títí dé orí ewúrẹ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti orí "ẹ dá ọpẹ́ pé ẹ ní irú rẹ̀ ní àbúrò."

Gbóyèga ti ra bàtà náà kí ó tó ṣubú. Òun ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. Ó fún un lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di yìnyín mú. Bàtà bọ́ọ̀lù ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Tóbi, n kò ní í sọ fún Màmá. Ìwọ ni wàá fẹnu ara rẹ sọ fún wọn. Títí o ó fi sọ ọ́, má kọ̀wé sí mi, n kò sì ní í pè.

Ìrètí.

*

Winnipeg.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 2025.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ó pẹ́ tí a ti gbọ́ra gbẹ̀yìn. Mo ní n kò ní í pè, mo wá rí i pé n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Tóbi á ka èyí fún yín, bí ó bá ṣì mọ ìwé kà.

Màmá, ilẹ̀ ti là. N kò mọ bí mo ṣe lè wí i kí ẹ fi rí i. Lánàá ni mo jáde, mo tẹ ẹ̀yìn ilé mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mi wọlé díẹ̀. Mo kígbe. Gbóyèga sáré jáde pẹ̀lú ọkọ́ yín, ó ti fi igi tuntun sí i. Ó ṣá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, erùpẹ̀ dúdú là sókè, ó ń rùn bí ti oko wa lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Ó mú díẹ̀ lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ìyá àgbà onílé wa fún wa ní ibi kan lẹ́bàá igi tó ń yọ òdòdó lára ọgbà, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní í gbẹ́ ibẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé. Ibẹ̀ ni a ri ìwọ́ mọ́. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, ó la ojú sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a fi ń bò ó.

Màmá, ọmọ yín ti ní ilẹ̀. Ó ku orúkọ.

Ìrètí yín.

*

Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 2025.

Àǹtí mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà mi wà lórí sìmẹ́ńtì. Mo ti sọ ọ́ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí n rò ó lẹ́sẹẹsẹ kí n má bàa sá fún apá kan.

Ọjọ́ tí Màmá rán mi sí Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé ni mo lọ. Àwa àti àwọn ọmọ Ìdó ní bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, n kò sì lè pa á jẹ. Nígbà tí mo dé ilé, Màmá ní kí ni wọ́n wí? Mo ní wọ́n á kọ̀wé. Ta ló máa kọ ọ́? N kò mọ fúrọ́ọ̀sì, ìwé mi kò dé ibẹ̀ kí n tó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Mo ní tí n bá béèrè bí Tóbi, ẹ ó ní kí n lọ jókòó. Mo wá gbé agbádá Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ ohùn mi. Ohun tí ẹ kọ ni mo kà fún Màmá pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ló wí. Ohun tí Màmá wí nípa omi ni mo fi ránṣẹ́ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ló pàṣẹ. Èmi ni mo ní kí omi gbóná. Ẹ bá mi bẹ Bùọ̀dá Gbóyèga. Mo rò pé mo gbọ́n.

Láti ìgbà náà, tí Màmá bá ní kí n pè yín, mo ń sọ pé fúrọ́ọ̀sì ti mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kánádà. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ ń gbàdúrà fún un.

Lánàá, mo ka lẹ́tà yín tuntun fún wọn lẹ́yìn ulé, níbi tí wọ́n ti ń gé èbù tí wọ́n fẹ́ gbìn. Nígbà tí mo dé ibi tí ilẹ̀ ti là, wọ́n ju ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n jó yípo agbọ̀n èbù. Wọ́n ní kí n tètè lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kú. Wọ́n gbé ọwọ́ lérí, omi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní, "Irú orí yẹn. Ìgbà wo ni ìsìnkú, kí n ru uṣu lọ." Àǹtí mi, ibẹ̀ ló ti já mọ́ mi lọ́wọ́. N kò lè jẹ́ kí wọ́n ru iṣu lọ síbi òkú tí kò sí. Mo ní, "Màmá, èmi ni." Wọ́n ní, "Ìwọ ni kí?" Mo ní, "Èmi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n." Mo fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n lè mọ̀.

Wọ́n wá igi. N kò sá. Lẹ́yìn èyí tó balẹ̀ ní ẹ̀yìn mi, wọ́n dúró, igi wà lókè, wọ́n ní, "Ta ló wá sọ ti ìrì tó ní òun kò ṣe omi mọ́?"

Mo ní, "Àǹtí Ìrètí ni."

"Ọ̀rọ̀ Ìrètí ni?"

"Gbogbo rẹ̀, Màmá. Èmi kàn fi Ọ̀jọ̀gbọ́n sí i lórí."

Wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajíbọ́lá ní," wọ́n ní, "Pe orúkọ ẹni tó kọ ọ́." Mo wá kà á pé Ìrètí ní. Ibì kan wà tí mo fò nígbà àkọ́kọ́, torí kò bá Ọ̀jọ̀gbọ́n mu, ibi tí ẹ ti ní fúrọ́ọ̀sì wà nínú ohùn Màmá, pé ẹ kò mọ ohun tí ẹ lè fi yọ́ ọ. N kò fò ó lánàá. Nígbà tí mo kà á tán, Màmá ní kí n tún apá yẹn kà. Mo tún un kà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èbù sínú agbọ̀n, wọ́n tún ń kó o jáde. Wọ́n ní, "Ọmọ mi bá mi sọ̀rọ̀, n kò gbọ́. Tóbi tó ń jí ẹ̀wà jẹ bá mi sọ̀rọ̀, mo gbé Bíbélì lọ sí ulé ìyá Sunday."

Mo wá jẹ́wọ́ ti omi gbígbóná tó gbé Bùọ̀dá ṣubú, wọ́n bi mí pé báwo ni Gbóyèga ṣe ṣubú gan-an. Mo ṣe é fún wọn lórí sìmẹ́ńtì, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ẹ káàárọ̀. Àǹtí mi, Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Nígbà tí wọ́n nu ojú wọn tán, wọ́n ní ilé tí àwọn ń wá, àwọn ti rí i wò báyìí. Wọ́n ní ilẹ̀ tó gbé bàbá ṣubú, tó sì padà la ẹnu gba ìwọ́ ọmọ, orí ilẹ̀ yẹn ni ọmọ yóò dúró sí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í yọ̀. Wọ́n ní kí ẹ máa pè é ní Bólúwadúró.

Kí ẹ má bàa rò pé èmi ni mo sọ ọ́, Màmá á fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún yín ní ìrọ̀lẹ́ òní. Wọ́n ní àwọn kò ní í gbé fóònù fún mi. Wọ́n ti ń fi ohùn wọn dánrawò láti àárọ̀, wọ́n ń pè é sí etí ògiri.

Wọ́n sì ní kí n kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ bí ọmọ ènìyàn, láìsí oyè. Ó dára. Èmi tí mo jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí mo jẹ́ Akọ̀wé, tí mo kú sí ọ̀nà Ìdó, tí igi Màmá sì jí mi dìde, èmi

Olúwatóbilọ́ba, àbúrò yín, ni mo kọ gbogbo rẹ̀.